Oòrùn Òṣogbo àti Sìlíńdà Náítírọ́ọ̀sì Inú Búùtù Ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe ìwé ìròyìn yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ ní ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa òǹkàwé, kí n lè dá sí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ sí yín láìpẹ́ yìí, níbi tí ó ti sọ pé gáàsì náítírọ́ọ̀sì tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń dè mọ́ búùtù ọkọ̀ wọn kí ọkọ̀ náà lè sáré kò yàtọ̀ sí bọ́ǹbù, àti pé kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo mọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Mẹkáníìkì ni mí níbí ní Òṣogbo, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Mo ti de irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ rí, mo ti tú u, mo sì ti bá àwọn tí ó ba ọkọ̀ wọn jẹ́ tún un ṣe. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ jàǹbá tí ó ń wá láti inú rẹ̀ ń ti ibì kan ṣoṣo wá: agbára tí gáàsì náà fi ń ti ara sìlíńdà láti inú, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní pírẹ́ṣọ̀, kò dúró lójú kan, ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì mọ̀. Ní ìlú tiwa yìí, oòrùn ni ó ń fà á jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gáàsì náà ń ṣe, nítorí àwọn kan rò pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń jó bí epo. Kì í jó. Ọ́síjìn tí ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn apá afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó, ni ẹ́ńjìnnì ń wá. Bí a bá gbé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lé òṣùwọ̀n, ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 23 nínú 100. Nínú náítírọ́ọ̀sì, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 36. Nígbà tí gáàsì yìí bá dé inú ooru ẹ́ńjìnnì, ó máa ń túká, ọ́síjìn rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀. Bí a bá wá fi epo bẹntiróòlù tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀ kún un, iná tí yóò jó nínú ẹ́ńjìnnì yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára ọkọ̀ yóò sì gbé pẹ́ẹ́lí sí i lójú ẹsẹ̀. Ibi tí epo ti ń ṣe déédéé pẹ̀lú gáàsì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ihò tínínrín méjì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀kan fún náítírọ́ọ̀sì, èkejì fún epo. Jẹ́ẹ̀tì ni à ń pè wọ́n. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ṣírò fífẹ̀ ihò méjèèjì lórí pé géèjì sìlíńdà, ohun èlò tí ń fi pírẹ́ṣọ̀ hàn, yóò máa kà láàárín 900 sí 950 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka pírẹ́ṣọ̀. Kí ẹni tí kò mọ psi lè fi ojú inú wò ó, táyà ọkọ̀ kékeré tí fọkanáísà ń fún ní afẹ́fẹ́ kì í sábà ju 30 sí 35 lọ.

Ihò kì í fẹ̀, kì í sì í sún kì. Nítorí náà, bí pírẹ́ṣọ̀ sìlíńdà bá ga kọjá ibi tí wọ́n fi í sí, náítírọ́ọ̀sì tí ń gba ihò tirẹ̀ wọlé yóò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ epo ò kúrò níbi tí ó wà. Ọ́síjìn á wá pọ̀ ju epo lọ, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, á máa gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, písítìnnì, irin tí ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá sì wálẹ̀ jù, epo ni yóò pọ̀ ju gáàsì lọ: èéfín dúdú, púlọ́ọ̀gì tí ó rin tí ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò, ọkọ̀ tí kò lọ bí ẹni tí ó ni ín ṣe rò, àti nígbà mìíràn iná tí ó bù padà sẹ́yìn láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Nínú méjèèjì, èyí tí ó ga ni ó léwu jù fún ẹ́ńjìnnì, òun náà sì ni oòrùn wa ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ooru ni ó ń gbé pírẹ́ṣọ̀ sókè tí ó sì ń mú un wálẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Bí ẹ bá kọjá ní Ìgbọ̀nà ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ dúró ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan tí ń fi gáàsì dín in, ẹ wo ara sìlíńdà rẹ̀. Bí ó bá ti dáná fún bíi wákàtí kan, tí ó sì ṣí iná náà dáadáa, apá ìsàlẹ̀ sìlíńdà yóò ti máa làágùn, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ kàn án, ẹ ó rí i pé ó tutù ju òkè rẹ̀ lọ. Tí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì kò tíì tán. Mo ti rí èyí tí ó gbé sìlíńdà tirẹ̀ sínú báàfù omi lílọ́wọ́wọ́, tí iná náà sì tún sọ padà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé gáàsì tí ó wà nísàlẹ̀ sìlíńdà wà bí omi, èyí tí ó wà lókè nìkan ni ó jẹ́ gáàsì gan-an. Bí ti òkè ṣe ń jáde, ti ìsàlẹ̀ ń hó láti dípò rẹ̀, híhó tí ó ń hó yìí sì ń fa ooru kúrò lára irin. Irin á tutù, híhó á dín kù, agbára tí gáàsì fi ń jáde á sì rẹlẹ̀.

Bí ti náítírọ́ọ̀sì ṣe rí nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ le ju ti gáàsì ìdáná lọ fíìfíì. Bí ara sìlíńdà bá wà ní 20°C, géèjì yóò kà tó nǹkan bí 730 psi; ní 25°C, yóò lé díẹ̀ ní 800; ní 30°C, ó ti wọ 900; ní 35°C, ó ti tó 1,000. Ẹ ṣàkíyèsí pé 5°C péré ni ó ń gbé nǹkan bí 100 psi rù. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé n kò mẹ́nu kan bí sìlíńdà ṣe kún tó. Níwọ̀n ìgbà tí omi gáàsì bá ṣì wà nísàlẹ̀, ooru nìkan ni géèjì ń sọ. Sìlíńdà tí ó kún àti èyí tí ó ku díẹ̀ kó tán yóò ka iye kan náà bí wọ́n bá gbóná bákan náà. Àwọn oníbàárà mi kò gba èyí gbọ́ bọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, “Ọ̀gá, géèjì ṣì wà ní 900, gáàsì ṣì pọ̀ níbẹ̀.” Ìyá alákàrà kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ni yóò gbé sìlíńdà rẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó lè sọ fún wa iye náítírọ́ọ̀sì tí ó kù: a ó gbé sìlíńdà náà lé e, a ó sì yọ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ kúrò.

Tí ooru bá wá dé 36.4°C, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ibẹ̀ lọ sókè, náítírọ́ọ̀sì kò lè wà bí omi mọ́ rárá, bó ti wù kí a fún un pọ̀ tó. Gbogbo inú sìlíńdà á di gáàsì kan tí ó ki, pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ yóò sì máa sáré gun òkè, bí wọ́n bá ṣe rọ ọ́ kún tó ni yóò fi yára tó. Ohun tí ń gba inú páìpù lọ sí ẹ́ńjìnnì nígbà náà kì í ṣe omi tí wọ́n torí rẹ̀ ṣírò jẹ́ẹ̀tì, kò sì sí mẹkáníìkì tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ni yóò wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi 36.4°C yìí wé ìlú wa. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ooru abẹ́ ibòji gan-an ń tó 34°C, 35°C ní ọ̀sán. Búùtù ọkọ̀ tí a tì pa tí a sì gbé sí gbangba oòrùn ń kọjá 50°C.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìjà pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì iná. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ NOS, tí ń ṣe ẹ̀rọ náítírọ́ọ̀sì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ń tà á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí òtútù ń bá jà. Ní ibi tí ooru bá wálẹ̀ dé 0°C, géèjì kò ní í ju nǹkan bí 450 lọ, ọkọ̀ kò sì ní í rí gáàsì tí ó tó lò. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe aṣọ kan tí wáyà iná wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wé mọ́ sìlíńdà kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun rere ni fún wọn. Àmọ́ ìwé ìlànà wọn ni àwọn ọmọ wa ń kà lórí fóònù, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n sì rà ti gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dé pẹ̀lú ara rẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni pé kí n bá òun so bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹyọ ẹnìkan kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi rí bí òun yóò ṣe mú sìlíńdà òun tutù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọkùnrin kan tí mo máa ń bá tún ọkọ̀ ṣe lọ sí ìkómọjáde ní apá Òwòdé ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ó gbé ọkọ̀ sí gbangba oòrùn láti nǹkan bí aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta. Ẹni tí ó bá a so bùláńkẹ́ẹ̀tì ti fà á tààrà láti orí bátìrì, kò fi rílè, ohun tí ń ṣí iná tí ó sì ń pa á, sí i, kò sì sí ohun tí yóò pa á bí sìlíńdà bá gbóná tó. Nítorí náà, bí oòrùn ṣe ń mú un láti òkè ni iná ń mú un láti abẹ́. Géèjì rẹ̀ wà nínú búùtù, níbi tí awakọ̀ kò lè rí i. Nígbà tí wọ́n parí ayẹyẹ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, ó ṣí fáàfù, ó tẹ tótù dé ilẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ó ní òun gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tí ń fi òòlù kékeré lu irin, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ tí ẹ́ńjìnnì fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n wọ́ ọ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ṣí búùtù ní nǹkan bí aago mẹ́fà, sìlíńdà náà ṣì gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́, géèjì rẹ̀ sì ṣì kọjá 1,200. Mo yọ àwọn púlọ́ọ̀gì. Mẹ́ta kò burú. Lára ìkẹrin, ní ibi funfun rẹ̀ tí ó dà bí tánńganran, mo rí àwọn èérún wínníwínní tí ń dán bí yanrìn etídò lábẹ́ oòrùn. Alumíníọ̀mù ni, láti orí písítìnnì ni ó sì ti wá. Nígbà tí a ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ihò tí àtàǹpàkò lè wọ̀ wà láàárín písítìnnì náà, etí ihò náà sì ti yọ́, ó dì pọ̀ bí àbẹ́là tí wọ́n pa. Ọmọkùnrin náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Owó tí ó fi ọdún méjì kó jọ ni ó wà níbẹ̀. Ó dùn mí gidigidi, nítorí pé ní oṣù tí ó ṣáájú ni ọkọ̀ yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù mi fún bíréèkì, mo rí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, n kò sì béèrè ibi tí wáyà rẹ̀ gbà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tí ó ní sìlíńdà náítírọ́ọ̀sì tí yóò wọ ọ̀dọ̀ mi tí n kò ní í ka géèjì rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí a bá wá fẹ́ kí pírẹ́ṣọ̀ dúró láàárín 900 sí 950 ní Òṣogbo, iṣẹ́ wa lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún ni kí a mú sìlíńdà tutù. Kì í ṣe ohun tí ń náni lówó. Kí a gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji. Kí a ṣí búùtù sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbá a. Kí a wé aṣọ ìnura tàbí àpò ìdọ̀họ tí a ti fi omi rin mọ́ sìlíńdà, kí a sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ lù ú. Àwọn tí wọ́n dàgbà sílé tí àmù wà mọ ìdí rẹ̀: omi inú àmù ń tutù nítorí pé ara àmù ń làágùn, òógùn náà sì ń gbẹ, bí ó ṣe ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Aṣọ tútù tí a wé mọ́ sìlíńdà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ní ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ni ó sì ń yá jù. Mo ti rí i tí géèjì wálẹ̀ láti 1,050 sí 930 lọ́nà yìí láìsí pé a tú gáàsì kankan dànù. Ó gba sùúrù, nítorí ara irin ni ó ń kọ́kọ́ tutù kí ó tó kan omi inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú ṣí fáàfù yóò rí i pé géèjì tún ti yí padà.

N kò sọ pé kí á ju bùláńkẹ́ẹ̀tì nù. Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ooru bá wálẹ̀ dé 20°C tàbí kó tún rẹlẹ̀ sí i, a nílò rẹ̀. Àmọ́ kí a so ó bí ó ti yẹ: kí iná rẹ̀ gba inú rílè àti fúùsì kọjá, kí ó máa kú bí a bá ti pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ó sì ní ohun èlò tí ń ka pírẹ́ṣọ̀ fúnra rẹ̀ tí yóò pa á bí ó bá ti dé 950. Àwọn kan ń lo tẹmọ́sítáàtì tí ń ka ooru ara irin. Ó sàn ju kí a má ní rárá lọ, ṣùgbọ́n ara irin àti inú sìlíńdà kì í gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Kí géèjì sì wà níbi tí awakọ̀ ti lè rí i, ní iwájú.

Ohun kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá, nítorí mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Ní àárọ̀ ọyẹ́ kan, ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí ó múlé ti tèmi gbé iná tí wẹ́dà fi ń jó irin, ó ń fi ra ara sìlíńdà náítírọ́ọ̀sì kí géèjì lè gòkè kíákíá. Mo kígbe mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn sìlíńdà yìí, ooru tí wọ́n fi sè é ní ilé iṣẹ́ ni ó sì fún un ní líle rẹ̀. Bí iná bá jó ojú ibì kan lára rẹ̀, líle ibẹ̀ ti lọ, ojú kò sì lè rí i; ọ̀dà lè má tilẹ̀ bó. Sìlíńdà náà lè gba ti òní kí ó má gba ti ọ̀la. Èyí tí iná bá ti kàn kò wúlò mọ́, kí a tú gáàsì inú rẹ̀ dànù ní gbangba tí kò sí ènìyàn nítòsí, kí a sì fi ayùn irin gé e sí méjì kí ẹlòmíràn má baà rà á.

Lára fáàfù sìlíńdà, àwo irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n ṣe kí ó bẹ́ bí pírẹ́ṣọ̀ bá fi dé nǹkan bí 3,000 psi, kí gáàsì lè rí ibi jáde kí sìlíńdà fúnra rẹ̀ má baà fọ́. Mo rí ọ̀kan tí àwo náà ti bẹ́ rí, tí ẹnìkan sì fi nọ́ọ̀tì lásán dí ihò rẹ̀ pa. Irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ̀wé sí yín lè pè ní bọ́ǹbù, n kò sì ní í bá a jiyàn. Ó sì yẹ kí páìpù kan wà láti ibi àwo náà lọ sí ìta ọkọ̀, kí gáàsì má baà kún inú ibi tí ènìyàn jókòó sí bí ó bá bẹ́.

Kí ẹni tí ń ra tòkúnbọ̀ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí èjìká sìlíńdà. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ní DOT-3AL1800 lára. 1800 yẹn ni psi tí wọ́n ṣe é láti máa gbà nígbà gbogbo. Oṣù àti ọdún tí wọ́n dán an wò gbẹ̀yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin wọn ní kí á máa dán an wò. Mo ti rí èyí tí wọ́n tẹ ọdún sí lára tí ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún náà ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ti bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ìwọ̀n gáàsì tí ó gbọdọ̀ wọ inú sìlíńdà kò gbọdọ̀ ju ìdá 68 nínú 100 ìwọ̀n omi tí sìlíńdà náà lè gbà lọ. Àyè tí ó kù lókè ni omi gáàsì yóò máa wú sí bí ooru bá mú un. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n rọ ọ́ kún dẹ́múdẹ́mú kí owó òun má baà ṣòfò ti gba àyè náà, ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà ni yóò sì mọ ohun tí ó ṣe. Òṣùwọ̀n ni kí á máa fi rọ ọ́.

Bí a bá tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, pírẹ́ṣọ̀ yóò ṣì máa wálẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lo gáàsì náà, nítorí sìlíńdà ń tutù bíi ti ìyá alákàrà, yóò sì túbọ̀ yá bí gáàsì inú rẹ̀ bá ti kéré. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìtòsí 950, kí wọ́n má sì lo sìlíńdà títí tí yóò fi ṣófo. Ìṣòro yìí ti wà tipẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Jámánì lo náítírọ́ọ̀sì nínú bàálù ogun kí ẹ́ńjìnnì lè rí ọ́síjìn lókè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. GM-1 ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi sìlíńdà alágbára sílẹ̀, wọ́n mú gáàsì náà tutù dé ìtòsí -88°C tí ó fi di omi láìsí pé a fún un pọ̀, wọ́n rọ ọ́ sínú táǹkì tí wọ́n wé kí ooru má lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń fi afẹ́fẹ́ tì í lọ sí ẹ́ńjìnnì. Lónìí, àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ń lo ọgbọ́n tí ó jọ ọ́: wọ́n á de sìlíńdà náítírójìn kan mọ́ ti náítírọ́ọ̀sì, wọ́n á fi ohun èlò kan tí ń dín pírẹ́ṣọ̀ kù sí àárín méjèèjì, náítírójìn á sì máa ti omi náítírọ́ọ̀sì láti ẹ̀yìn, kí ó lè wà lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. (Náítírójìn tí fọkanáísà ń fún sínú táyà kì í ṣe náítírọ́ọ̀sì o, orúkọ wọn ni ó jọra.) Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ ó wọ́n, mo sì rò pé kí ẹni tí kò tíì lè ṣọ́ sìlíńdà kan má tíì de méjì.

Ní ti pé kí ìjọba gbà á, èrò tèmi ni pé ojú pópó kò sí fún eré. Bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán tàbí Òkè-Fìà kọjá, kí fáàfù sìlíńdà wà ní dídì, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ nílé. Níbi pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀, kí àwa tí ń so ó mọ́ ọkọ̀ gba ẹ̀bi tiwa, nítorí lọ́wọ́ wa ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Mo bẹ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ríwáyà ẹlẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo, kí ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n àti géèjì tí ó dá lójú má gba iṣẹ́ náà, kí ọwọ́ tí ó kún fún gíríìsì má sì ṣe kan fáàfù rẹ̀, torí gíríìsì àti gáàsì yìí kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà.

Bí ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí bá ní sìlíńdà tí kò mọ iye tí ó wà nínú rẹ̀ tàbí bóyá géèjì rẹ̀ ń pa irọ́, kí ó béèrè mi ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì Òkè-Fìà ní ọjọ́ Sátidé. Mo máa ń wọ̀n ọ́n, mo sì máa ń fi géèjì rẹ̀ wé òṣùwọ̀n ooru láìgba kọ́bọ̀. Kí ó gbé e wá ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ó sì rí i pé òun ti di fáàfù rẹ̀ kí ó tó gbéra nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mẹkáníìkì ọkọ̀ kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.